Rádíò Tí Bàbá Mi Pọ̀n Gun Alùpùpù

Láàárọ̀ àná, mo jókòó síwájú ilé mi ní Adja-Ouèrè, mo ń fi kọfí gbígbóná tan ara mi jẹ pé mo ti jí, ni ọmọkùnrin kan gun alùpùpù kọjá. Kì í ṣe alùpùpù náà ni mo gbọ́. Ohùn obìnrin kan ni mo gbọ́, tó ń ka ìròyìn láti inú àpótí kékeré méjì tí ọmọ náà dè mọ́ ọwọ́ alùpùpù rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ń bọ́ lẹ́nu obìnrin náà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹ̀pà tí a ti bó. Ọmọ náà dé ìyànà, ó yà, mo ṣì ń gbọ́ obìnrin yẹn. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ kò tilẹ̀ fetí sí i. Fóònù ló fi èjìká há mọ́ etí, ó ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀.

Inú bí mi. Ìyàwó mi bi mí pé kí ló dé tí mo ń wo ojú ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n jí ewúrẹ́ rẹ̀ gbé. Mo ní kò sí nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, mo lè sọ ọ́ fún yín: ohun tí ọmọ yẹn ń gbé kọjá láìkà á sí ni bàbá mi fi ojú winá nítorí rẹ̀, tí kò sì rí gbà.

Ìgbà tí orílẹ̀-èdè wa ṣì ń jẹ́ Dahomé ni mò ń wí, nígbà tí àwọn Faransé ti kó ẹrù wọn lọ, tí àwọn ológun kò sì tíì sọ gbogbo wa di kámáráàdì. Ìjọba máa ń yí nígbà náà bí àkàrà nínú epo. Bí ẹ bá ṣí rádíò láàárọ̀ tí ẹ sì gbọ́ fèrè àwọn ológun láìsí ọ̀rọ̀ kankan, ẹ ti mọ̀ pé ẹnìkan ti dìde lórí àga, ẹlòmíràn ti jókòó, àwọn àgbẹ̀ á sì gbé ọkọ́ wọn lọ sí oko bí wọ́n ti ń lọ tẹ́lẹ̀.

Àgbàdo ni bàbá mi ń rà. Á ra ní Ikpinlè, á ra ní Kpoulou, á ra ní Oko-Akarè, kámiọ̀nù, ọkọ̀ akẹ́rù, á wá kó o lẹ́yìn rẹ̀. Orí alùpùpù ló ń gbé ju orí ẹní lọ. Mo kéré tó bẹ́ẹ̀ tí àyè mi jẹ́ orí táǹkì, láàárín apá rẹ̀ méjèèjì. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ayé: eruku pupa, igi ọ̀pẹ lọ́tùn-ún, ẹ̀gẹ́ lósì, àti òórùn epo tí kò kúrò ní ṣòkòtò mi títí ìyá mi fi sọ ọ́ di aṣọ ìnulẹ̀.

Ẹni tó sọ ẹ̀rọ yẹn ní alùpùpù mọ ohun tó ń wí. Pù-pù-pù ni láti ìdájí títí ọ̀sán. Àwọn àgbà sì sọ rádíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tí kì í gba èsì. Ẹ kó àwọn méjèèjì sójú kan. Ọ̀kan kì í gbọ́ tẹnu ẹnikẹ́ni, èkejì kì í jẹ́ kí a gbọ́ tẹnu ẹnikẹ́ni. Àárín wọn ni bàbá mi lọ fi ara rẹ̀ sí, nítorí ọ̀rọ̀ àna.

Ìyá mi, ọmọ Kétu ni. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, orí rádíò ni àwọn ará Kétu fi ránṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ la ti ń ṣe é nígbà náà. Lọ́sàn-án, wọ́n á ka ìkéde ní Faransé, ní Fọ̀n, ní Gùn, ní Bàrìbá, ní èdè wa. Ìgbà mìíràn tiwa á ṣáájú, ìgbà mìíràn á kẹ́yìn, ẹnìkan kò lè mọ̀. Ẹ ò sì ní gbọ́ kí wọ́n sọ láé pé àgbàlagbà kan kú. Ohun tí wọ́n máa wí ni pé ara Bàbá kò yá, kí àwọn ọmọ tètè máa bọ̀. Gbogbo ẹni tó bá gbọ́ á dákẹ́, á sì bọ́ fìlà. Bí ara bá ń ṣe ènìyàn lóòótọ́, àgbo ni wọ́n ń wá, wọn kì í wá rádíò.

Ilé mẹ́tìrì, olùkọ́ ilé-ìwé wa, ni ìyá mi ti gbọ́ ọ. Ó wọ kámiọ̀nù àkọ́kọ́ tó ń lọ sí Kétu, ó sì fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún bàbá mi lọ́dọ̀ aládùúgbò. Bàbá mi wà lọ́nà. Láti Ikpinlè ó gba Kpoulou, láti Kpoulou ó sùn sí oko ẹnìkan, gbogbo ayé sì ti gbọ́ pé àna rẹ̀ kú kí òun tó gbọ́. Ìgbà tó fi dé Kétu, wọ́n ti sin òkú, erùpẹ̀ ojú oórì ti gbẹ. Àárọ̀ ni, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Àwọn àna rẹ̀ jókòó níwájú ilé ní ìlà kan. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n sì kí i pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó gún régé: “Ẹ kú alẹ́ o, àna wa.”

Ẹ̀yin tí ẹ ti ní àna á mọ bí ìkíni yẹn ti wọlé tó. Ó dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀, wọ́n ní kò burú. Láti ọjọ́ náà, bí ìyá mi bá gbé oúnjẹ fún un, ó ń gbé e sílẹ̀ bí ẹni ń gbé ẹrù àjèjì. Kò bá a jà. Ì bá ti bá a jà, ì bá sàn.

Bàbá mi wá ra rádíò, èyí tí a fi awọ tó ní ihò wínníwínní bò, tó ń lo píìlì, ìyẹn bátìrì. Ó búra pé ìkéde kan kò tún ní kọjá òun láé, níbikíbi tí òun bá wà. Ìyá mi ní, “Bàbá Akànní, ṣé ẹ ò lè dúró lábẹ́ igi lọ́sàn-án kí ẹ fetí sí i ni?”

Ó ní, “Àgbàdo kì í dúró de ẹni tó dúró lábẹ́ igi.” Akànní ni ẹ̀gbọ́n mi; ó rẹ́rìn-ín sókè, nítorí náà òun ni wọ́n rán lọ bu omi.

Ó kọ́kọ́ fi rọ́bà táyà de rádíò náà mọ́ ọwọ́ alùpùpù. A kò tíì kúrò ní àdúgbò, ọ̀nà ti gbọn píìlì jáde, èmi ni mo sì sọ̀kalẹ̀ wá wọn nínú koríko. Ó tún un dè. Èyí tó jáde nínú rádíò kì í ṣe ọ̀rọ̀ mọ́, kírrrr ni, bí ẹni ń dín ẹja nínú epo tútù. Ó lọ bá ẹni tó ń tún alùpùpù ṣe. Ọkùnrin náà tẹ́ etí, ó ní búgì ni, plọ́ọ̀gì ẹ̀rọ, iná tó ń ta níbẹ̀ ló ń ta sínú rádíò.

Bàbá mi ní, “Kí ni kí n ṣe sí i?”

“Ẹ pa á.”

“Kí n pa rádíò?”

“Rárá o, bàbá. Ẹ pa alùpùpù.”

Ó bínú kúrò níbẹ̀. Ó wá igbá ńlá kan, ó gbé rádíò sí ikùn rẹ̀, ó dè é síwájú àyà ara rẹ̀, ó ní ohùn á kóra jọ. Ohùn kóra jọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohùn alùpùpù náà wọ inú igbá, pù-pù-pù wa di méjì. Ó tún lo okùn etí, nǹkan kékeré bí hóró àgbàdo tí wọ́n ń tì bọ inú etí. Atẹ́gùn ń já a bọ́, ó wá fi gèlè ìyá mi di orí àti etí pọ̀. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ dára. Ó gbọ́ orin kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, inú rẹ̀ sì dùn tó bẹ́ẹ̀ tí kò gbọ́ kámiọ̀nù tó ń fọn fèrè lẹ́yìn wa. Inú gọ́tà la bá ara wa. Awakọ̀ náà yọrí, ó wo gèlè, ó ní, “Ìyá, ẹ máa rọra o, ẹ gbọ́mọ dání.”

Gbogbo èyí kò tó ti ọ̀já. Ó ronú pé bí rádíò bá wà lẹ́yìn òun, ara òun á dínà ariwo ẹ̀rọ, ohùn á sì wá sí ẹ̀gbẹ́ etí. Ó yá ọ̀já tí ìyá mi fi pọ̀n mí rí, ó sì pọ̀n rádíò. Ó pọ̀n ọ́n dáadáa, ó so ó níwájú, irin tó ń gba ohùn yọrí sókè ní èjìká rẹ̀ bí ẹsẹ̀ ọmọ tó tínrín. Bẹ́ẹ̀ la wọ ọjà Ikpinlè. Ọkùnrin onírùngbọ̀n ni o.

Àwọn obìnrin tó ń ta àgbàdo fún un dìde, wọ́n tò síwájú rẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀. “Ẹ kú ewu ọmọ o. Ọlọ́run á wò ó.”

“Ọkùnrin ni àbí obìnrin?”

“Bàbá Akànní, ọmọ yín ń sunkún,” nígbà tí ó ṣe kírrrr. “Ẹ fún un lọ́mú.”

Mo wà lórí táǹkì, mo ń wo ilẹ̀, mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó là. Ojú kò ti bàbá mi. Ohun tó ń bí i nínú ni pé ariwo àwọn obìnrin náà ti mú kí ìkéde Yorùbá kọjá.

Níkẹyìn, ọ̀rọ̀ ẹni tó ní kó pa alùpùpù ló padà ràn án lọ́wọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ṣàkíyèsí pé bí a bá dé orí ìdàgẹ̀rẹ́, alùpùpù lè máa sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀ láìsí ẹ̀rọ. Bí a bá ti dé òkè, á pa á. Ìdákẹ́jẹ́ á dé, táyà nìkan á máa ṣe ṣìn-ìn-ìn lórí yẹ̀pẹ̀, rádíò á sì máa sọ̀rọ̀ bí ènìyàn gidi. Nígbà tí a bá dé ìsàlẹ̀, á tún tan án, ọ̀rọ̀ á sì pin. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi ṣe di ẹni tó mọ ìdajì gbogbo nǹkan. Àwọn ọkùnrin á pé jọ bi í léèrè ní ìrọ̀lẹ́, á sì sọ fún wọn pé ààrẹ ti pinnu pé.

“Pé kí ni?”

“Mi ò mọ̀. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti tẹ́jú.”

Títí di òní, ní ìdílé wa, bí ẹnìkan bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn tí kò lè parí rẹ̀, a máa ń sọ pé ilẹ̀ ti tẹ́jú.

Ìgbà náà ni àìsàn wá dá ìyá ìyá mi dùbúlẹ̀. Ìyá Kétu la ń pè é, arúgbó pẹ́lẹ́ńgẹ́ tí ẹnu rẹ̀ mú. Ìyá mi lọ tọ́jú rẹ̀ pẹ́, lẹ́yìn náà ó padà nítorí àwa ọmọ. Bàbá mi ti sọ fún ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin, ẹni tó ń ránṣọ ní Kétu, pé ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀, kó fi sórí rádíò. Ohunkóhun. Ó tẹnu mọ́ ọn. Ẹni tí wọ́n ti kí ní ‘ẹ kú alẹ́’ lẹ́ẹ̀kan kò fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì, ó sì mọ̀ pé bí òun bá tún pẹ́ dé ibi òkú ìyá, ìyàwó òun lè má bá òun padà wálé.

Ṣùgbọ́n rádíò kan ṣoṣo ló wà nílé. Bó bá bá bàbá mi lọ, ìyá mi kò ní gbọ́. Bó bá dúró ti ìyá mi, bàbá mi á tún di ẹni ìgbẹ̀yìn. Ìyá mi kò jiyàn. Ó ró aṣọ, ó gba rádíò lọ́wọ́ rẹ̀, ó jókòó sẹ́yìn alùpùpù. “Ibi tí èyí bá lọ ni mò ń lọ. Ẹ máa gùn ún, èmi á máa gbọ́ ọ. Ohun tó bá wí, màá sọ fún yín.”

Báyìí la ṣe ń lọ sọ́jà: èmi níwájú, bàbá mi láàárín, ìyá mi lẹ́yìn, rádíò mọ́ etí rẹ̀ gbágbá. Píìlì ti ń kú lọ, ohùn rẹ̀ ti di ti ẹ̀fọn. Etí tí kò bá lẹ̀ mọ́ ọn kò lè gbọ́. Mo rántí pé ìgbà náà ni wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ìròyìn ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé igbe ni wọ́n fi ń sọ ọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, à ń ti Ikpinlè bọ̀. A dé orí ìdàgẹ̀rẹ́, bàbá mi pa ẹ̀rọ. Ìyá mi sọ fún wa lẹ́yìn náà ohun tó gbọ́: àwọn ọmọ Ìyá ní Kétu ń ránṣẹ́ sí àbúrò wọn àti ọkọ rẹ̀ ní Adja-Ouèrè, kí wọ́n tètè máa bọ̀, ara Ìyá. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti tẹ́jú. Bàbá mi tan ẹ̀rọ. Pù. Lẹ́yìn náà, ìyá mi gbọ́ ìyókù: yá, ó ń fẹ́ rí wọn.

Bàbá mi kígbe sẹ́yìn pé, “Kí ni wọ́n wí?”

Ìyá mi ní, “Orin ni.”

Mo mọ̀ pé nǹkan ti yí padà, nítorí ọwọ́ rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ bàbá mi kọjá, ó wá di aṣọ èmi tí mo wà níwájú mú, kò sì fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, bàbá mi tún bi í. Ó ní wọ́n ṣì ń kọrin. Ìgbà tí a dé iwájú ilé, tí alùpùpù dúró, tó gbé mi sọ̀kalẹ̀ tán, ìgbà náà ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tó sì figbe ta.

Bàbá mi dúró, ó di orí mú. “Láti Ikpinlè? O ti mọ̀ láti Ikpinlè, o ní orin ni?”

“Ṣé orí alùpùpù ni kí n ti sọ ọ́ fún yín? Kí ẹ kó gbogbo wa wọ igbó?”

Bàbá mi sáré jáde. Mi ò tíì rí kí ọkùnrin kan sáré bẹ́ẹ̀ rí. Kó tó di pé aládùúgbò wá bá ìyá mi sunkún tán, ó ti gba kámiọ̀nù àgbàdo, ó ti mú ewúrẹ́ tó tóbi jù nínú agbo, ó ti gbé aṣọ funfun tí àna ń gbé wá síbi òkú, ó ti kó àwọn ìyàwó ilé sẹ́yìn ọkọ̀, ó sì ti gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Bàbá Àgbà, síwájú kó lè ṣe agbẹnusọ. Oòrùn ń wọ̀ lọ nígbà tí a dé Kétu. Láti ẹ̀yìn ìlú ni àwọn obìnrin wa ti bẹ̀rẹ̀ ẹkún gẹ́gẹ́ bí àṣà, ìyá mi ṣíwájú, ọwọ́ lórí.

Ìyá Kétu jókòó síwájú ilé, ó ń bó ẹ̀gúsí.

Ẹkún náà kò dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó wà lẹ́yìn kò tíì rí i, wọ́n ṣì ń sunkún. Ìyá Kétu gbé ojú sókè, ó wò wá lọ wò wá bọ̀. Ó ní, “Ta ló kú?”

Gbogbo wa wo Bàbá Àgbà. Bàbá Àgbà wú ikọ́. “Kò sẹ́ni tó kú, Ìyá. A ní ká wá kí yín ni.”

“Pẹ̀lú ẹkún?”

“Ọ̀nà jìn, Ìyá. Ó rẹ àwọn obìnrin ni.”

Aránṣọ jáde láti inú ilé, òṣùwọ̀n lọ́rùn, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ó ní òun kò ṣe ohun tó burú. Ara Ìyá ti yá ni òun ní kí wọ́n kà.

Bàbá mi ní, “Ti yá? Ta ló ń fi rádíò sọ pé ara ẹnìkan ti yá? Níbo lo ti gbọ́ irú rẹ̀ rí?”

“Àna wa, ẹ̀yin lẹ ní kí n fi ohunkóhun sí i.”

Bàbá mi jókòó sórí òkúta kan. Mo wò ó, mo rò pé á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ pọ́n. Gbogbo igbá, gbogbo gèlè, gbogbo ọ̀já, gbogbo ìdàgẹ̀rẹ́, ‘ti’ kan ṣoṣo ló sọnù lábẹ́ pù kan ṣoṣo, etí ìyá mi fi ‘kò’ dí àyè rẹ̀, bẹ́ẹ̀ la ṣe gbé òkú wá bá ẹni tó ń bó ẹ̀gúsí.

Ìyá Kétu gbé ẹ̀gúsí rẹ̀ sílẹ̀. Ó dìde, ó rìn yí ewúrẹ́ náà ká, ó fọwọ́ pa á lẹ́yìn, ó fọwọ́ kan ìhà rẹ̀. Ó ṣí etí aṣọ funfun, ó fi ìka fà á, ó wò bóyá òwú rẹ̀ ki. Ẹni tó bá rò pé kò mọ ohun tó ń wò kò mọ arúgbó. Ó ní kí wọ́n pa ewúrẹ́, nítorí ó ti pẹ́ tí òun ti jẹ ẹran gidi. Ó ní kí wọ́n gbé aṣọ wọ inú àpótí òun, ẹrù tó ti dé kì í padà. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí bàbá mi níbi tó jókòó sí, ní ìrọ̀lẹ́ tí adìyẹ ti ń wọlé, ó sì tẹríba díẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀ o, àna mi.”

Àwọn ará Kétu rẹ́rìn-ín títí. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ sínú èèpo ẹ̀gúsí, kò sì tètè dìde. Ìyá mi ló lọ fà á dìde. Ó gbọn èèpo kúrò láyà rẹ̀, ó bu ẹran fún un kó tó bu fún ẹnikẹ́ni, ó sì gbé e fún un pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Bàbá mi kò gbé rádíò gun alùpùpù mọ́. Ó gbé e kọ́ ìṣó nínú yàrá, a sì ń gbọ́ ọ dáadáa níbẹ̀, ìyẹn nígbà tí alùpùpù rẹ̀ kò bá sí nílé. Ìyá Kétu gbé ọ̀pọ̀ ọdún sí i. Ìgbà tó lọ lóòótọ́, a ti di kámáráàdì, rádíò sì ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ ju ọ̀rọ̀ arúgbó lọ. Aránṣọ ló wá fúnra rẹ̀. Ó bèèrè omi, ó mu ún, ó bèèrè bí àgbàdo ti ṣe sí lọ́dún náà. Bàbá mi ti mọ̀. Ó ti dìde, ó ń wá fìlà rẹ̀.

Mo ń wo ayé yìí, mo sì rí i pé ohun tí bàbá mi ń wá ti dé lẹ́yìn rẹ̀, ó sì dé ju bó ti fẹ́ lọ. Ọ̀rọ̀ kò sọnù mọ́ lójú ọ̀nà. Ọmọdé lè wà ní àárín oko ní Oko-Akarè kó máa gbọ́ mímí ẹni tó wà ní Kútọnu. Inú mi dùn sí i, inú sì ń bí mi, nítorí ẹni tó tọ́ sí ti lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti mú ohùn mọ́ tó nì, àwọn ènìyàn wa kò tíì gbà kí irú ọ̀rọ̀ kan dé bá ẹni tó ń lọ lórí táyà méjì.

Lọ́dún tó kọjá, mò ń ti Kpoulou bọ̀ lórí alùpùpù, fóònù mi sì dún. Mo fi okùn rẹ̀ sétí. Àbúrò mi obìnrin ni, ẹni tí ìyá wa ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ láti ìgbà tí ojú rẹ̀ ti di bàìbàì. Ohùn rẹ̀ mọ́ gaara, bí ẹni pé ó jókòó sẹ́yìn mi.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ibo lẹ wà?”

“Mo wà lójú ọ̀nà.”

“Ṣé orí alùpùpù lẹ wà?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ẹ sọ̀kalẹ̀ ná.”

Mo ní kó sọ ọ́, mò ń gbọ́ ọ dáadáa. Kò sọ ọ́. Mo ń gbọ́ bó ti ń mí. Mo yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, mo pa ẹ̀rọ, mo gbé alùpùpù dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Atẹ́gùn ń fẹ́ ewé àgbàdo. Mo jókòó sílẹ̀ nínú koríko, mo sì sọ fún un pé mo ti sọ̀kalẹ̀.